Àwo kásìtì fún ẹ̀yìn chuck: bó ṣe rí lọ́wọ́ mi

Léètì Myford Super 7 tokunbo, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè gé e, ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Thread (ìlà bíi ti bóòtù) tó wà lára spindle rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí, jẹ́ íǹṣì 1⅛ ní fífẹ̀, thread 12 nínú íǹṣì kan. Chuck tuntun tí mo rà, ìyẹn ohun tó ń di irin mú, kò ní thread rárá, ihò bóòtù nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n wá àwo tí yóò so wọ́n pọ̀. Àwọn èèyàn ń bi mí pé mild steel, irin lásán, kún Òwòdé Onírin, kí ni mo wá ń wá lọ sídìí kásìtì (cast iron, irin tí wọ́n yọ́ dà)?

Thread yẹn ni. Spindle fúnra rẹ̀ irin ni. Bí mild steel bá wọ̀ ọ́, tí ìdọ̀tí díẹ̀ há sáàárín, wọ́n lè gbá ara wọn mú débi pé òòlù ni ẹ ó fi tú u. Kásìtì ní graphite nínú, ohun dúdú inú pẹ́ńsù yẹn, ó ń jẹ́ kó yọ̀, ó sì ń pa gbígbọ̀n. Aluminium ní tiẹ̀, thread rẹ̀ á tètè jẹ. Èmi ò jẹ́ fi sí i.

Àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún mi ní ihò afẹ́fẹ́ lábẹ́ awọ. Ẹni tó tà á pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ èmi ni mo san owó ọkọ̀.

Awọ òde kásìtì le, iyanrìn ibi tí wọ́n ti dà á ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má rọra họ ọ́ o, ẹnu tool tí ẹ fi ń gé e á kú kíá. Carbide, tool tí ẹnu rẹ̀ le gan-an, ni mo fi gé e, mo sì jẹ́ kó wọ abẹ́ awọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ó rọ̀ láti gé, láìlo epo tàbí omi. Eruku dúdú rẹ̀ ni wàhálà: bó bá pò mọ́ epo orí bed, ojú irin gígùn tí tool ń rìn lé, á máa họ bed. Ìwé ìròyìn ni mo fi bò ó. Imú mi wá dà bíi ti alágbẹ̀dẹ!

Thread ni mo kọ́kọ́ gé, mo wá wé e mọ́ spindle léètì náà gan-an kí n tó gé ojú rẹ̀ àti ibi tí chuck máa jókòó lé. N kò tú u títí ó fi parí. Nígbà tí mo gbé dial gauge (aago tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi hàn bí nǹkan kò bá yí gún) sí etí rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira.

Bí spindle yín bá jẹ́ camlock, irú tí kì í lo thread, tàbí tí ẹ ń sá eré gidi, ẹ ra mild steel. Kásìtì kì í fẹ́ kí wọ́n fà á, bó bá sì já bọ́ sórí kọnkéré, ó lè là. Ó tún wọ́n ju mild steel lọ. Síbẹ̀ màá tún un rà, tí ẹni tó ń tà á bá ti gbà pé òun á pààrọ̀ rẹ̀ tí ihò bá yọjú.