Kálísíọ̀mù fún ìgbín ọ̀sìn ní Ìjẹ̀bú: èwo ni ká fi owó rà, èwo ni ká fọwọ́ ara wa lọ̀?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ìgbín ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù ní ọ̀kúnkúndùn, nítorí pé kálísíọ̀mù kábónéètì, ìyẹn kálísíọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, ló kó ohun tó lé ní 95 nínú 100 ìwọ̀n ìkarahun ìgbín. Ilẹ̀ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́: ilẹ̀ oníyanrìn pọ̀ ní agbègbè yìí, òjò tó ń rọ̀ ní àrọ̀ọ̀rọ̀dá sì ń fọ kálísíọ̀mù inú rẹ̀ lọ. Ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń kó fún ìgbín kò lè dí àyè yẹn tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà fún wa yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì fi wọ́n wé èèpo ẹyin tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ nílé. Èèpo ẹyin ni mo fara mọ́, yálà owó ni a rò ni o tàbí àlàáfíà ìgbín fúnra rẹ̀.

Ìgbín kì í ké bí nǹkan bá ń ṣe é, nítorí náà ojú ni ẹni tó ń sìn ín máa fi wá a. Ẹ gbé ìgbín kan tó ṣì ń dàgbà, kí ẹ sì fi ìka tẹ etí ẹnu ìkarahun rẹ̀ wò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Etí náà máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ìkarahun tuntun, kò sì sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibi tó fẹ́lẹ́ bá fẹ̀, tó ń tẹ̀ wọlé lábẹ́ ìka, tàbí tó ń ya nígbà tí ẹ kàn gbé e, kálísíọ̀mù kò tó. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà: bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣí, tí ojú funfun hàn lọ́gangan ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gùn dé, àwọn ìgbín yòókù ló ń ha á jẹ. Wọ́n ń wá kálísíọ̀mù lára ara wọn nìyẹn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ ní àwọn ìsọ̀ oúnjẹ adìyẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù ni òkúta láìmù lílọ̀. Òun náà ló rọjú jù nínú ohun tí à ń fi owó rà. Nǹkan tó dára ni. Bí kò bá ní àdàlù, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ gan-an, tí a kò bá ka ìyókù kábónéètì náà mọ́ ọn, máa ń wà láàárín 36 sí 38 nínú 100, ó sì kúnná tó fún ìgbín láti lá. Ilẹ̀ Rẹ́mọ kò ṣàì ní òkúta yìí, nítorí òun ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣágámù ní 1978 ń wà láti inú ilẹ̀. Ìkarahun àwọn ẹran omi ayé àtijọ́ sì wà nínú òkúta náà títí dòní. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ o. Iná ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó ń jó ara, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà ìgbín.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú òkúta láìmù kò ju ti àwọn tó ń tà á lọ. Ìsọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ti ń fi kọ́ńgò wọn ọ́n láti inú àpò tó ti ṣí sílẹ̀, ta èyí tí yanrìn wà nínú rẹ̀ fún mi, ẹni tó tà á sì takú pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè gbà dán an wò, kò sì gba ju ọsàn wẹ́wẹ́ kan lọ. Ẹ bu ìyẹ̀fun náà ṣíbí kan sínú ife, kí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Kálísíọ̀mù kábónéètì yóò hó lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹ bá gbé ife náà súnmọ́ etí. Bí ẹ bá ń fún omi ọsàn sí i títí tí kò fi hó mọ́, ohun tó bá kù sí ìsàlẹ̀ tó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹ bá fi ṣíbí rò ó, yanrìn ni. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti po iyọ̀ tàbí ògùn adìyẹ mọ́ ọn kí ẹ tó sanwó, nítorí iyọ̀ máa ń pa ìgbín.

Ìkarahun inú òkun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ wà ní àwọn ìsọ̀ kan náà. Kálísíọ̀mù rẹ̀ kò kéré sí ti òkúta láìmù, síbẹ̀ n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á fún ìgbín. Adìyẹ ni wọ́n fọ́ ọ fún. Nǹkan bí 20 wákàtí ni adìyẹ fi ń ṣe èèpo ẹyin kan, òru sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ní wóróbo kí ó lè pẹ́ nínú iwe adìyẹ, kí ó sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ. Ìgbín kò ní iwe bẹ́ẹ̀. Ahọ́n tó kún fún eyín kéékèèké ló fi ń ha ohun tó ń jẹ, bí ẹni ń rin gbágùúdá, ìkarahun wóróbo yẹn yóò sì le jù fún ọmọ ìgbín. Ẹni tó bá ti rà á tẹ́lẹ̀ ní láti fi omi fọ iyọ̀ òkun kúrò lára rẹ̀ dáadáa, kó tún gún un kúnná. Wàhálà ọ̀fẹ́ ni.

Egungun lílọ̀ wọ́n ju òkúta láìmù lọ, kálísíọ̀mù rẹ̀ kò sì tó tirẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ ń tìtorí rẹ̀ rà á. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Mo ti rí àwọn tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé sínú ọgbà ìgbín. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì òde òní kì í ṣe kábónéètì rárá, ẹfun ọjà náà sì sábà máa ń jẹ́ amọ̀ funfun lásán. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjèèjì kí ẹ wò ó. Èyí tí kò bá hó, ẹ gbé e jù.

Ní ti èèpo ẹyin, ìwọ̀n 94 sí 95 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ kálísíọ̀mù kábónéètì, ohun kan náà tí ìgbín fi ń kọ́ ìkarahun. Òun nìkan ni nínú gbogbo èyí tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí. Àwọn tó ń se íńdómì àti ẹyin díndín ní ojú pópó ń dà á nù láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oníkéèkì. Bí ènìyàn bá fún wọn ní ike olómorí, tí ó sì ń wá gbé e lásìkò, inú wọn yóò dùn sí i. Èèpo ẹyin kan wọn gíráàmù 5 sí 6, èyí ni pé kéréètì ẹyin mẹ́fà ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wa ní kílò kan. Ẹni tó ní ìgbín díẹ̀ lẹ́yìnkùlé kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́.

Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fo èyíkéyìí. Ẹ ṣan èèpo náà, kí ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ lè kú, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ sì yan án nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná tí kò le títí tí yóò fi máa fọ́ káú lọ́wọ́. Èyí tí a kò sè máa ń rùn nítorí omi ẹyin tó kù nínú rẹ̀, òórùn náà sì ń pe èèrà, ẹni tó ti rí ohun tí ìjàlọ máa ń ṣe nínú ọgbà ìgbín lóru kò ní fẹ́ pè wọ́n wá. Ẹ gún un nínú odó tí a kò fi gún ata. Ẹ má ṣe gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta. Asẹ́ gàrí ti fẹ̀ jù láti fi sẹ́ ẹ, asẹ́ ògì ló yẹ ẹ́. Èyí tó kù lójú asẹ́, ẹ dá a padà sínú odó.

Inú àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ bù ú sí, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí òjò kò ti ní kàn án, nítorí tó bá ti tutù tó sì dì, ìgbín kì í fẹ́ súnmọ́ ọn mọ́. Ẹ lè fọ́n díẹ̀ sórí ewé tútù ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jáde wá jẹun. Wọn yóò jẹ ìwọ̀n tí wọ́n bá fẹ́, torí náà kò sí ìdí láti pò ó mọ́ oúnjẹ ní tipátipá. Àwọn tó fẹ́ yé ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ jù, nítorí ẹyin ìgbín náà ní èèpo tí a fi kálísíọ̀mù ṣe, ọmọ tó bá sì pa máa ń kọ́kọ́ jẹ èèpo ẹyin tó ti jáde.

Bí ìgbín yín bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, èèpo ẹyin nìkan kò ní ká a. Ẹ ra òkúta láìmù nínú àpò tí wọn kò tíì ṣí, kí ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò kí ẹ tó gbé e kúrò ní ìsọ̀, kí ẹ sì máa bù ú fún àwọn àgbà. Èèpo ẹyin tí ẹ bá rí kó jọ, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àti àwọn tó ń yé lọ́wọ́.