Epo Pupa, Òróró, Àdí Àgbọn àbí Ólífì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà, Kí Ni Kí Ẹ sì Fi Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára ìgò òróró ni "Cholesterol Free". Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fi hàn pé òróró kan sàn ju èkejì lọ. Inú ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹja ni kọlẹ́síróòlù pọ̀ sí. Kò sí òróró tí a fún lára èso tàbí hóró igi tó ní in débi tó tó kà. Epo pupa tí wọ́n ń fi ìgò wọ̀n lọ́jà kò ní in, òróró ólífì tí wọ́n kó wá láti Sípéènì náà kò ní in. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra òróró wò: irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀, iná tí a fẹ́ gbé e kà, àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa. Lójú tèmi, ẹ̀kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè.

Ohun tó wà nínú gbogbo wọn

Gbogbo òróró àti epo tí à ń jẹ, ọ̀nà kan náà ni a gbà tò wọ́n. Èròjà kan wà láàárín tó ń jẹ́ glycerol, ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta ló so mọ́ ọn. Ásíìdì ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀wọ̀n kábọ́nù gígùn tí háídírójìn so mọ́ lára. Bí háídírójìn bá gba gbogbo àyè tó wà lára ẹ̀wọ̀n náà, ọ̀rá tó kún nìyẹn, èyí tí wọ́n ń kọ sára ìgò ní saturated. Irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ máa ń nà tààrà, wọ́n á tò sára wọn bí igi ìdáná, ìdí nìyí tí ọ̀rá náà fi ń dì. Níbi tí háídírójìn bá ti dín, ẹ̀wọ̀n á tẹ̀, kò ní lè tò mọ́, òróró á máa ṣàn. Èyí tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pè ní monounsaturated, èyí tó tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni polyunsaturated.

Kò sí òróró tó jẹ́ irú ọ̀rá kan ṣoṣo. Àdàlù ni gbogbo wọn, ìwọ̀n àdàlù ló yàtọ̀. Nítorí náà, bí epo pupa yín bá dì lásìkò ọyẹ́, tàbí tó pín sí méjì nínú kẹ́ẹ̀gì, tí òkè ń ṣàn tí ìsàlẹ̀ sì nípọn, ẹ má tìtorí ìyẹn pe ẹni tó tà á ní oníjìbìtì. Ọ̀rá tó kún ló lọ sí ìsàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí nínú síbí ìjẹun kan nìyí, ní gíráàmù, láìka ẹ̀ṣẹ́kù:

| Òróró | Ọ̀rá tó kún | Èyí tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan | Èyí tó tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ |
|---|---|---|---|
| Epo pupa | 7 | 5 | 1 |
| Àdí àgbọn | 11 sí 12 | 1 | kò tó 1 |
| Òróró ẹ̀pà | 2 | 6 | 4 |
| Òróró sóyà | 2 | 3 | 8 |
| Òróró ólífì | 2 | 10 | 1 |

Ní ti agbára tí wọ́n ń fún ara, ọgbọọgba ni gbogbo wọn: nǹkan bí kálórì 120 nínú síbí kan. Ẹni tó bá ń ra ólífì kó lè fọn, tó wá ń dà á bí omi, owó rẹ̀ ló ń fọn.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ọ̀rá tó kún má kọjá 10% agbára tí à ń jẹ lójúmọ́. Fún àgbàlagbà tó ń jẹ kálórì 2,000, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 22. Síbí àdí àgbọn méjì ti kó o tán. Síbí epo pupa mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán, a kò sì tíì ka ẹran àti wàrà. Ọ̀rá tó kún ló máa ń gbé LDL sókè, irú kọlẹ́síróòlù tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òróró náà fúnra rẹ̀ kò ní kọlẹ́síróòlù kankan.

Epo pupa

Àtẹ òkè yẹn kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ epo pupa. Pupa tí ẹ ń rí lára rẹ̀, kárótíìnì ni, nǹkan bí mílígíráàmù 500 sí 700 nínú kílò epo kan. Ara wa ló ń sọ kárótíìnì di Vitamin A, èyí tí ojú nílò láti ríran lálẹ́, tí ọmọdé sì nílò kí àìsàn má baà tètè gbé e dè. Kò sí òróró mìíràn lórí àtẹ yẹn tó súnmọ́ ọn níbi kárótíìnì. Síbí kan nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀bẹ ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń ra epo tó dára, ká wá gbé e kaná títí pupa rẹ̀ á fi ṣí pátápátá nítorí ọbẹ̀ ayamáṣe. Kárótíìnì tí ẹ fowó rà ló jó lọ yẹn. Èéfín tó ń ta sí yín lójú tó sì ń mú yín wúkọ́ náà, ara glycerol ló ti wá: iná ti sọ ọ́ di èròjà mìíràn tó ń ta ojú àti ọ̀fun. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ ṣí fèrèsé, iná kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó máa rú èéfín. Epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó fún ọbẹ̀ tó dùn.

Kí la ó fi mọ èyí tó dára lọ́jà? Ẹ tọ́ díẹ̀ wò. Epo tó ń ta yín lọ́fun ti bàjẹ́ láti oko. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹyìn tó ń jẹ́ lipase, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ásíìdì ọ̀rá kúrò lára glycerol gbàrà tí ẹyìn bá fara gbọgbẹ́. Bíbọ̀ tí à ń bọ ẹyìn ló ń pa ẹ́ńsáìmù yìí. Àwọn tó ń kó ìdì ẹyìn jọ fún ọjọ́ púpọ̀ kó lè rọrùn láti já ń fún lipase láyè, epo wọn á le, á sì kan. Ẹni tó ń bọ ẹyìn rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tó bẹ́ ẹ ni kí ẹ máa wá, ìbáà jẹ́ ní agbègbè Òkìtìpupa tàbí níbòmíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aláta yín ibi tí epo ti wá àti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Èyí tó bá mọ̀ á dá yín lóhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti omi níbẹ̀ kì í jẹ́ kí epo pẹ́. Epo tó bá ń ta páràpárà lórí iná, omi wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló le jù. Àwọn kan máa ń fi Sudan IV kún epo kó lè pọ́n dáadáa. Àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa ìda àti pólíìṣì bàtà láró ni, kò sì gbọdọ̀ wọnú oúnjẹ. Ní 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà rí i nínú epo tí wọ́n ń tà lọ́jà níbẹ̀. Ní 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè EU bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé àyẹ̀wò kí epo pupa tó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ yan èyí tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìpín (batch number) lára, ẹ fi ìgò tí kò ní àkọlé sílẹ̀. Nílé níbí, kò sí ojú tó lè fi wíwò lásán mọ̀ ọ́n. Dída epo sínú omi tàbí nínù ún sórí bébà kò lè yanjú rẹ̀. Ẹni kan náà tí ẹ ti mọ̀ pẹ́ ni kí ẹ máa rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fura sí epo tó pọ́n bákan náà láti ọdún dé ọdún, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò.

Fún dídín, epo pupa kò kù sẹ́yìn. Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsílì, epo yìí tí wọ́n ń pè ní dendê ni àwọn obìnrin fi ń dín acarajé, àkàrà wa tí àwọn ọmọ Yorùbá gbé dé ibẹ̀, títí di òní.

Òróró inú ìgò àti inú náílọ́ọ̀nù

Níbí, ẹ yí ìgò padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. "Vegetable oil" kì í ṣe orúkọ òróró kan. Ọ̀pọ̀ lára èyí tó wà lórílẹ̀-èdè wa, palm olein ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn. Epo pupa náà ni, tí wọ́n ti yọ àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ti sẹ́ apá tó ń dì dànù. Ọ̀rá tó kún inú rẹ̀ ṣì tó nǹkan bí gíráàmù 6 nínú síbí kan. Ẹni tí dókítà ní kó dín ọ̀rá kù, tó wá kúrò nínú epo pupa bọ́ sínú palm olein, kò tíì lọ jìnnà, kárótíìnì ló sì pàdánù.

Nítorí kárótíìnì tó ti lọ yẹn, Nàìjíríà ti ṣe é ní dandan láti 2002 pé kí wọ́n fi Vitamin A sínú òróró. Ẹ wá a lára àkọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC. Oòrùn máa ń ba Vitamin A jẹ́. Ìgò funfun tí wọ́n tò sójú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lè ti pàdánù èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tó ṣì wà nínú páálí.

Òróró sóyà dára fún ọkàn, ó sì ní omega-3 díẹ̀, ìyẹn irú ọ̀rá kan lára èyí tó tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọbẹ̀ àti jọ̀lọ́ọ̀fù ni mo fẹ́ ẹ fún. Ibi gbogbo tí ẹ̀wọ̀n ọ̀rá bá ti tẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń rí àyè wọlé, iná ńlá sì máa ń yára á. Ìdí nìyí tí òróró sóyà tí wọ́n ti fi dín nǹkan léraléra fi ń dúdú, tó ń hó fóòmù, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Ẹni tó ń dín púfúpúfú tàbí dòdò tà, palm olein tàbí òróró ẹ̀pà ló máa bá a dé ibi tó dáa. Èyíkéyìí tó bá ti ń hó fóòmù, ẹ dà á nù.

Òróró ẹ̀pà ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tó wà fún iná, bí owó bá gbà á. Àmọ́ èyí tí wọ́n fọ̀ nílé iṣẹ́ (refined) ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fún níbi tí wọ́n ti ń ṣe kúlíkúlí, àfi bí ẹ bá mọ bí ẹ̀pà wọn ṣe rí. Ẹ̀pà tó ti hu ní májèlé aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Fífọ̀ nílé iṣẹ́ máa ń mú un kúrò, òróró tí wọn kò fọ̀ sì lè ṣì ní in. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ fẹnu kan òróró tí wọn kò fọ̀ rárá.

Àdí àgbọn àti ólífì

Ìpolówó àdí àgbọn ti pọ̀ ju ohun tó lè ṣe lọ. Ní 2017, American Heart Association, àjọ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò gbà á nímọ̀ràn fún jíjẹ, torí ó ń gbé LDL sókè bí ọ̀rá tó kún yòókù. Fún irun àti awọ ara, ó dára. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Badagry kò fi ibi kankan dín sí èyí tó ti òkè òkun wá nínú ìgò olówó ńlá, bó bá ṣáà ń rùn bí àgbọn, tí kò ní òórùn ìgbà pípẹ́.

Ólífì dára, pàápàá extra virgin, èyí tí wọ́n kàn fún láìfọ̀ ọ́ nílé iṣẹ́, nínú ìgò dúdú. Ẹ wọ́n ọn sórí sàláàdì tàbí ẹ̀wà tó ti jinná. Láti fi dín dòdò, òróró ẹ̀pà á ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín pẹ̀lú owó tó kéré sí i. Ìgò kékeré tí wọ́n ń tà fún àdúrà tàbí fún etí, ẹ má ṣe fi se oúnjẹ.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ra epo

Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fipá mú un bì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì ti ń ṣe ọṣẹ́ tó burú jù. Bí ọmọ bá bì tàbí tí epo bá há a lọ́fun, inú ẹ̀dọ̀fóró yẹn gan-an ni kẹrosíìnì náà lè gbà lọ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì mú ike tó mu nínú rẹ̀ dání.

Bákan náà ni àdí ẹkùrọ́ fún gìrì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ àdí, ì báà jẹ́ síbí, kí ẹ sì gbé e lọ. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́. Ọmọ tí gìrì gbé kò lè gbé nǹkan mì, ohun tí a bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí.

Bí mo bá fẹ́ nájà fún ilé onímẹ́rin

Epo pupa tuntun, ìwọ̀nba èyí tí ẹ ó jẹ tán láàárín oṣù kan sí méjì. Òróró sóyà lítà kan fún ọbẹ̀. Òróró ẹ̀pà tàbí palm olein díẹ̀ fún dídín, ìyẹn bí ẹ bá máa ń dín nǹkan rárá. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 máa ń dín owó kù, ṣùgbọ́n ẹ bá ará ilé tàbí aládùúgbò pín in, torí afẹ́fẹ́ ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, òróró á sì máa gbó nìṣó. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ó gbé e sí gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ má sì da òróró tuntun lé àjẹkù àtijọ́.