Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta ṣọ́jà òjé létí omi Àgbádárìgì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra nǹkan àtijọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wá wo Àgbádárìgì lópin ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin kan wà níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu. Á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ kọ́rùn, iyanrìn á kún ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Inú àpò ìrẹsì ló ti ń yọ ohun ìṣeré kéékèèké jáde: ṣọ́jà, ẹṣin, ìbọn àgbá tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ hú wọn lórí erékùṣù láàárọ̀ ni, pé ọmọ àwọn òyìnbó tó ń ra ẹrú ló fi ń ṣeré. Irọ́ gbuu ni. Ó ti gba ₦35,000 lọ́wọ́ mi.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Lójú mi ló ṣe sọ fún ìyá kan pé inú ọgbà ilé alájà àkọ́kọ́ ni òun ti rí mọ́tò kékeré kan, pé ọmọ àwọn míṣọ́nnárì ló ni ín ní 1845. Mọ́tò ní 1845! 1886 ni Benz ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé àṣẹ mọ́tò tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo dákẹ́, mo rò pé èmi gbọ́n. Ìgbà tó kàn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná ṣọ́jà, kò tiẹ̀ dá mi lóhùn, ó kàn ń fi àkísà dì í padà. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ fi sílẹ̀, ẹni tó mọyì ẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó." Ni mo bá sáré sanwó.

Mo délé, mo gbé e sínú abọ́ omi. Kò pẹ́ tí omi náà fi dà bí omi tí wọ́n fi bọ ẹ̀fọ́. Àwọ̀ ewé tí mo rò pé ilẹ̀ ló fi sí i lára, ọ̀dà ni! Ó sì yẹ kí n ti mọ̀: bàbà àti idẹ ló ń yọ àwọ̀ ewé. Òjé tó pẹ́ nínú ilẹ̀, eérú tàbí funfun ló máa ń dà. Olórìṣà Ọbàtálá ni ìyá ìyá mi, ẹ̀gbà òjé kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, mo mọ bó ṣe wúwo láti kékeré. Eléyìí fúyẹ́. Mo wá fi fóònù fa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ra, mo rí ojú fáìlì níbi tí wọ́n ti ha lẹ́tà kúrò. Wọn ò ha "INA" tó gbẹ̀yìn "CHINA" tán.

Inú rẹ̀ tún ṣófo, ihò tíńtín sì wà lórí fìlà. William Britain, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe ohun ìṣeré, ló bẹ̀rẹ̀ irú ṣọ́jà oníhò inú yẹn, ní 1893. Nígbà yẹn, ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó pé kí òwò ẹrú dópin.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi nǹkan náà fa ìlà lórí pépà funfun. Òjé gidi á kọ bíi pẹ́ńsù. Ẹ mú òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ dání: kì í fa òjé, kì í sì í fa idẹ. Tó bá jẹ́ mọ́tò, ẹ wo ikùn rẹ̀. Mọ́tò ìṣeré Dinky jáde ní 1934, ti Matchbox ní 1953, wọ́n sì ń kọ orúkọ síbẹ̀. Irú ìyẹn lè jáde nínú iyanrìn wa lóòótọ́, àmọ́ kò kan ẹrú.

(Ẹ má kó òjé gidi fún ọmọdé o. Òjé pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010.)

Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ló hú u, òfin mùsíọ́ọ̀mù tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa gbẹ́lẹ̀ wá nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé láìgbàwé àṣẹ. Ẹ bi í léèrè ìwé yẹn, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́.

Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kẹta. Ó ní òun kò mọ̀ mí rí. Níbi tó ti ń búra ni ẹ̀rọ ọrùn rẹ̀ yí padà, ni mo wá rí ibi tí bátìrì ń wọ̀. Kò ní ìdérí, kò ní bátìrì, aláǹtakùn sì ti takùn síbẹ̀.