Láti Kánò dé Ìbàdàn: ọkọ̀ wo ló yẹ kí ẹ fi gbé ọmọ ẹṣin?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹṣin ọmọ ọdún kan tàbí méjì ní Kánò, ì báà jẹ́ fún pólò n'Íbàdàn tàbí fún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, á dúnàádúrà títí ẹnu á fi bó, á wá fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ ó fi gbé e wálé wà lára owó ẹṣin. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 800, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin tó dára jẹ́ kí ẹ tó di gàárì mọ́ ọn rárá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: kí wọ́n fi ẹṣin kún màlúù inú ọkọ̀ àjàgbé, kí ẹ háyà Canter fún òun nìkan, tàbí kí ẹ ra tírélà ẹṣin tí jíìpù ń fà. Ìbéèrè méjì ni mo fi ń wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ẹṣin á lè rẹ orí sílẹ̀? Ṣé ọkọ̀ á dúró nígbà tó bá yẹ?

Mo fi orí ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ ni ewu tó pọ̀ jù wà. Bí ẹṣin bá ń jẹko, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku á máa ṣàn jáde nímú rẹ̀. Bí wọ́n bá so orí náà sókè fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòkòrò àrùn tó wà lọ́nà ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ibà ìrìnàjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sì sábà máa ń jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹṣin ti gúnlẹ̀ ni yóò fojú hàn.

Ọkọ̀ màlúù

Owó rẹ̀ ló kéré jù, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó. Ìwo màlúù wà ní gẹ́lẹ́ ibi tí ikùn ẹṣin wà. Imí àti ìtọ̀ á ti sọ ilẹ̀ ọkọ̀ di yíyọ̀ kí wọ́n tó jìnnà. Wọ́n á so orí ẹṣin mọ́ irin òkè kó má bàa bá màlúù jà, awakọ̀ tí wọ́n sì ń retí ẹrù rẹ̀ lọ́jà kò ní dúró nítorí ẹṣin kan ṣoṣo. Ẹ tún rántí eṣinṣin. Màlúù lè ní àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri lára láìfi hàn, àrùn yẹn sì ń pa ẹṣin. Ó wà lára ohun tó mú kí àwọn ológun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ Ilé máa ra ẹṣin tuntun láti òkè ọya láìdáwọ́ dúró.

Canter tí ẹ háyà pátápátá

Fún ẹni tó ń ra ẹṣin kan tàbí méjì, èyí ni mo fara mọ́ jù. Ẹ̀yin lẹ sanwó, ẹ̀yin náà lẹ ó sọ ibi tí yóò ti dúró.

Ṣùgbọ́n Canter tó kó búlọ́ọ̀kù lánàá kò tíì yẹ fún ẹṣin lónìí. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbé igi yí i ká títí yóò fi ga ju ẹ̀yìn ẹṣin lọ. Kó má fún un ní gbogbo àyè ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí àyè tó gbòòrò jù á jẹ́ kó máa ṣubú káàkiri níbi ọ̀nà bá ti kọ́rọ̀. Iyanrìn nípọn ni kí ẹ dà sílẹ̀, kí kóríkó gbígbẹ wà lórí rẹ̀: á gba ìtọ̀, kò sì ní jẹ́ kí pátákò yọ̀. Tapólì á bo òkè nítorí oòrùn, àmọ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Kí okùn gùn tó kí imú ẹṣin lè dé orúnkún rẹ̀, kó má gùn débi tí ẹsẹ̀ á fi kọjá sórí rẹ̀, kí ẹ sì ta á ní kókó tí ẹ lè fà tú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọn ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí okùn, ẹ má so ó rárá.

Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin á fẹ́ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má gbà. Bí ẹṣin bá ṣubú lé e ní bíréèkì òjijì, ó lè pa á.

Àléébù Canter ni gíga rẹ̀. Ní ọjà, wọ́n sábà máa ń ní òkìtì tí ẹṣin ń gbà wọlé. Nílé yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á kàn ní kó fò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ egungun orúnkún ẹṣin kì í gbó tán kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti ga tí ọkọ̀ lè fi ẹ̀yìn tì, kí ẹ tó kúrò nílé.

Tírélà ẹṣin

Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, ẹṣin á rìn wọlé, á rìn jáde. Bí ẹ ó bá máa gbé ẹṣin lọ síbi ìdíje léraléra, ó tó rà. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ ká rọ́bà inú rẹ̀ sókè, kí ẹ fi irin ṣóńṣó gún pákó abẹ́ rẹ̀. Ìtọ̀ ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ ẹṣin lè já a bọ́ sójú títì. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. Táyà tó ti pẹ́ lè bẹ́ bó tilẹ̀ dà bíi tuntun. Bíréèkì tírélà Amẹ́ríkà sábà máa ń lo iná láti inú jíìpù, ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ ara rẹ̀ nígbà tí jíìpù bá dẹwọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ irú rẹ̀ dán an wò. Bí ẹṣin kan péré bá wà nínú rẹ̀, apá òsì ni kó wà, torí ojú títì wa dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún.

Níbi tí kòtò bá pọ̀ sí, tírélà ń ju ẹṣin ju Canter lọ. Ìyẹn ni mi ò fi fi í ṣáájú fún ẹni tí yóò lò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìdúró àti omi

Òfin Yúróòpù ti 2005 ní kí ẹṣin má lò ju wákàtí 24 lọ lójú ọ̀nà, kó sì rí omi ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Èyí tó ṣì ń mu ọmú kò gbọ́dọ̀ rìn ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ kó tó sinmi. Nínú oòrùn tiwa, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa dúró, lábẹ́ ibòji, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé omi tó ti ń mu láti ọ̀hún dání, torí òmíràn á kọ omi tí kò mọ òórùn rẹ̀, inú rírun á sì tẹ̀lé e. Ẹ gbéra ní ìdájí, ẹ má rin òru, kí ẹ sì sùn lọ́nà nílé ẹni tó ń sin ẹṣin. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú, ẹ fi í sílẹ̀ ní Kánò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lábẹ́rẹ́ oorun kó tó wọkọ̀, torí kò ní lè dúró dáadáa.

Bí ó bá délé, kóríkó tí ẹ fi omi rin àti omi tútù ló kàn, kì í ṣe ọkà. Ẹ má gùn ún. Láàárọ̀ lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ fi tẹmọ́mítà wo ìdí rẹ̀. Ara ẹṣin tó le kì í sábà kọjá 38.5°C. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí kò jẹun, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ iye wákàtí tó lò nínú ọkọ̀ fún un.