Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka níbi iṣẹ́: ó ń ka wákàtí, àmọ́ ta ni kì í kà mọ́ ọn?

Ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka sí ní àárọ̀ ti wọ́pọ̀ ní ilé iṣẹ́, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn aládàáni. Àwọn kékeré ti ilé iṣẹ́ ZKTeco àtàwọn tó fara jọ wọ́n la máa ń rí jù: ojú gíláàsì fún ìka, bọ́tìnì nọ́ńbà, ihò tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀. Òṣìṣẹ́ á tẹ ìka, ẹ̀rọ á ní "Thank you", ó parí. Lópin oṣù, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú Excel. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á, ó ń ṣe é dáadáa, torí kò sẹ́ni tó lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáìn mọ́ bíi ti ìwé rẹ́jísítà. Ohun tó ń sọ àwọn òṣìṣẹ́ dà ló yẹ ká yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sanwó.

Ẹ forúkọ ìka méjì sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń ràn sí i lójú, torí ìmọ́lẹ̀ líle kì í jẹ́ kó rí ìlà ìka. Ẹ ra èyí tó ní bátìrì nínú, tàbí kí ẹ so ó mọ́ inverter. Ìlà ìka alásè, ti ẹni tó ń fi bílíìṣì fọ ilẹ̀ àti ti ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ti máa ń parẹ́. Ẹ wo obìnrin tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́: ó nu ọwọ́ sára ìró, ó tẹ ìka, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. 7:58 ló dé ìdí ẹ̀rọ, 8:01 ni ẹ̀rọ gbà fún un, wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn tó pẹ́ dé. Nọ́ńbà àṣírí tàbí káàdì ló yẹ irú wọn.

Ẹni tó lè wọ mẹ́nù ló ni ẹ̀rọ. Bí wọn ò bá tíì forúkọ alábòójútó kankan sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè tẹ mẹ́nù, kó sì yí aago padà. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fún, ọ̀dọ́ ẹni náà ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ á máa lọ, torí Excel tó ti jáde, ó ṣeé yí láìsí àmì. Ẹ fún ẹni méjì láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó ṣírò owó oṣù.

Ohun tó ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ jù ni pé ọ̀gá àtàwọn ẹbí rẹ̀ kì í sí lórí ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tètè ń mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á tẹ ìka ní 7:55, á jáde lọ jẹ àkàrà, á padà wọlé ní 8:40. Lórí Excel, òun ló dára jù. Nírọ̀lẹ́, á jókòó ti fóònù títí mọ́tò ọ̀gá á fi jáde. Iṣẹ́ àṣehàn ni gbogbo ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń yọ owó ọjọ́ kan torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti há mọ́ ojú ọ̀nà á kúkú padà sílé, á ní ara òun ò yá. Kí ni ilé iṣẹ́ jẹ níbẹ̀?

Labour Act ti Nàìjíríà, abala 5, kò fàyè gba kí wọ́n yọ owó ìtanràn lára owó iṣẹ́. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ni òfin náà ń dáàbò bò. Kò kan mánéjà. Abala 13 sọ pé wákàtí tó bá kọjá iye tí wọ́n fẹnu kò sí jẹ́ àfikún iṣẹ́, pé ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ̀wé jáde ní 7:20 alẹ́ dípò 5:00, àmọ́ ta ló ń wo apá ibẹ̀? Ìwà ìrẹ́jẹ ni kí wọ́n máa fi àkókò ìwọlé fìyà jẹni, kí wọ́n sì di ojú sí ti ìjáde. Ẹ ka méjèèjì, kí ẹ sì sanwó lé e. Bí òṣìṣẹ́ bá ti mọ̀ pé ẹ̀rọ lè jẹ́rìí gbè é, kò ní máa wá ọ̀nà tí yóò fi rẹ́ ẹ jẹ.

Àmì ìka tún jẹ́ ìsọfúnni tí Nigeria Data Protection Act ti 2023 kà sí èyí tó gba ìṣọ́ra gidi. Ẹ pa ti ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ rẹ́.

Fún nọ́ọ̀sì, ọdẹ àti òṣìṣẹ́ fákítírì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ẹ rà á: bí ẹnì kan bá pẹ́, ẹlòmíì ò lè lọ sílé. Fún àwọn tó ń kiri ọjà tàbí tó ń kọ sọ́fítíwià, ẹ má rà á. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ni kí ẹ máa kà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kọ́ ọ sára ògiri, ìka ọ̀gá àgbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀, kí wọ́n dá ẹ̀rọ padà.