Kí wọ́n ti ilé pa, àbí kí wọ́n wó o?

N'Ìkòròdú, ẹni tó bá kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lè bá ọ̀kan nínú méjì pàdé: àgádágodo tàbí katapílà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ni agbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe káńsù. Àjọ ìjọba Èkó méjì ló wà níbẹ̀: LASPPPA ń fúnni níwèé àṣẹ, LASBCA ń ṣọ́ ilé kíkọ́, lábẹ́ òfin ètò ìlú ti ọdún 2010.

Ti títì pa ṣì ní àtúnṣe. Wọ́n á fún onílé níwèé ìkìlọ̀, wọ́n á ní kí iṣẹ́ dúró. Bó bá ṣorí kunkun, wọ́n á ti ibẹ̀ pa. Bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí i, á gbé ìwé ilẹ̀ àti àwòrán ilé wá, á sanwó ìtanràn, wọ́n sì lè ní kó dán agbára ilé náà wò. (Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ ìkọ́lé o! C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, pàápàá kì í ṣe é.) Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń falẹ̀, àwọn kan sì ń yọ́ kẹ́lẹ́ ṣiṣẹ́ lóru.

Wíwó ò ní àtúnṣe. Bí ilé bá jókòó sórí ojú ọ̀gbàrá, tàbí sábẹ́ wáyà iná ńlá, mo fara mọ́ ọn, nítorí kò síwèé tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ilé tó dúró dáadáa n'Ígbógbó, n'Ìkòròdú kan náà, tó kàn ṣaláìníwèé? Ẹ tì í pa, ẹ gbowó ìtanràn. Bí wọ́n bá wó o, ayálégbé tó ti san owó ọdún kan ló kọ́kọ́ ń jìyà.