Inkscape: bí a ṣe ń wá ìdí àléébù rẹ̀ àti bí a ṣe ń fi í sùn

Mo fẹ́ràn Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán, fún ìgbà tó bá ń ṣe ségesège ju ìgbà tó ń lọ geere lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ojútáyé ni iṣẹ́ inú rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì mọ ibi tó yẹ kó wò yóò rí ohun tó fa wàhálà.

Bó bá ṣàdédé pa ara rẹ̀ dé, ẹ má kánjú tẹ OK. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: inú àpótí ìkìlọ̀ yẹn ló ti ń sọ ibi tó tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wọ Edit, Preferences, Input/Output, Autosave, níbi tí a ti ń sọ iye ìgbà tí yóò máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi síbẹ̀. 3 ló dára níbi tí iná kò bá ti ṣeé gbọ́kàn lé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí bọ́tìnnì bá pòórá, tàbí tí kò ṣí mọ́ rárá, ẹ yí orúkọ fáìlì preferences.xml padà sí preferences-old.xml, kí ẹ tún ṣí i. Lórí Linux, inú ~/.config/inkscape ló wà. Lórí Windows, ẹ kọ %APPDATA%\inkscape sójú àdírẹ́sì File Explorer. Bí àìsàn náà bá lọ, ètò tó tẹ̀ lé yín wá láti ẹ̀dà àtijọ́ ló fà á. Ẹ má pa fáìlì yẹn rẹ́ o, gbogbo bí ẹ ṣe to nǹkan yín wà nínú rẹ̀.

Èyí tó ń dun àwa tí a ń fi Yorùbá ṣe àwòrán jù ni àmì ohùn. Ẹ kọ "ẹ̀kọ́" ní fọ́ńtì olówó iyebíye kan, àmì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, bíi fìlà tó fẹ́ já bọ́. Unicode, àkọsílẹ̀ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, kò ní ọ́ ní odidi kan: U+1ECD (ọ) ni, tí U+0301 (àmì ohùn òkè) wá gùn lé lórí. Fọ́ńtì tí wọn kò bá pèsè ìjókòó fún àmì náà kò lè gbé e dúró. Ẹ yí ọ̀rọ̀ yẹn sí Noto Sans. Bó bá jókòó dáadáa, fọ́ńtì àkọ́kọ́ ló jẹ̀bi, Inkscape kọ́. Ẹ má fi í sùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe Inkscape. Kí fáìlì tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí ẹ wá tẹ Shift+Ctrl+C kí ọ̀rọ̀ di ìlà.

Fáìlì tó ti pẹ́ tún lè yí ìwọ̀n padà. Kí ẹ̀dà 0.92 tó dé ní 2017, píksẹ́lì 90 ló jẹ́ ínṣì kan; 96 ni báyìí. Àwòrán ínṣì 10 lè di 9.375. Bí Inkscape bá béèrè ohun tí fáìlì náà wà fún, ẹ mú physical output fún iṣẹ́ títẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ àléébù lóòótọ́, gitlab.com/inkscape/inbox ni ilé ẹjọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá a níbẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ti sọ ọ́. "Kò ṣiṣẹ́" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó wúlò ni: mo ṣí fáìlì tuntun, mo tẹ R, mo ya onígun mẹ́rin, mo tẹ Ctrl+D, ó kú. Ẹ sọ ohun tí ẹ retí àti ohun tí ẹ rí, kí ẹ kọ inkscape --debug-info sínú terminal (ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ọn. Lórí Linux, ẹ kọ gdb inkscape síbẹ̀ (gdb ni ohun èlò tó ń tọpa ibi tí ètò ti kú), lẹ́yìn náà run. Bó bá ti kú, ẹ kọ bt, kí ẹ da gbogbo ohun tó bá jáde kọ.

Fáìlì àpẹẹrẹ ló ń gba àkókò jù, òun náà ló sì níye lórí jù. Ẹ pa ìdajì ohun inú àwòrán rẹ́. Ṣé àléébù ṣì wà? Ẹ tún pa ìdajì, títí tó fi ku nǹkan kan tàbí méjì, kí ẹ wá lo Clean Up Document lábẹ́ File. Gbogbo ayé ló ń rí ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, nítorí náà, àmì ilé iṣẹ́ oníbàárà kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀.

Ohun tí n kò fẹ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìjíròrò ibẹ̀, àti pé kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ àtúnṣe, nítorí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Kí ẹ tó fi sùn, ẹ dán ẹ̀dà tuntun wò pẹ̀lú AppImage (fáìlì kan ṣoṣo tí ètò ń ṣiṣẹ́ láti inú rẹ̀ láìfi í sórí kọ̀ǹpútà) lórí Linux, ṣùgbọ́n ẹ fi INKSCAPE_PROFILE_DIR, ìtọ́ka tó ń sọ fólídà ètò fún Inkscape, dá fólídà tirẹ̀ sọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, preferences.xml kan náà ni ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun yóò jọ máa lò.